Bi Màmá Léèrè: Owó Ìrìnàjò Mímọ́, Omi Lourdes àti Ọkọ Tó Di JP

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé nípa ìyá ọkọ àti ogún ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i, lẹ́tà ìrìnàjò mímọ́ ló pọ̀ jù nílẹ̀ báyìí, ó jọ pé kò sí párísì tí ò máa dá owó láti lọ ibì kan, mo bá kúkú kó wọn pọ̀ kí n dáhùn wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Màmá. Párísì wa fẹ́ lọ Róòmù àti Assisi ní Ítálì, àti Lourdes ní Faransé, lọ́dún tó ń bọ̀. Oṣooṣù la ń dá owó, àkáǹtì bọ̀dá tó jẹ́ kọ̀díńétọ̀ wa la sì ń san án sí, orúkọ ara wọn ló wà lórí ẹ̀. Mi ò sọ pé olè ni wọ́n o, ẹni iyì ni wọ́n, ẹgbẹ́ ọkùnrin Àgùdà (CMO) ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi lísìtì owó ránṣẹ́ sórí WhatsApp, mo rí "tíkẹ́ẹ̀tì láti rí Póòpù, 85,000 náírà" níbẹ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n má fi àìgbàgbọ́ ba ìrìnàjò jẹ́. Màmá mi náà fẹ́ lọ, wọ́n ti lé ní 70, eékún sì ń dùn wọ́n gan-an. Kí ni kí n ṣe? (Ọmọ CWO, ẹgbẹ́ obìnrin Àgùdà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì láti rí Póòpù. Ọ̀fẹ́ pátápátá. Ọjọ́rú ni Póòpù máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn èrò ní gbàgede Pétérù Mímọ́, ọ́fíìsì kan wà ní Fátíkàn tó ń fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì, Fadá yín lè kọ̀wé sí wọn, wọn ò ní gba kọ́bọ̀. Torí náà 85,000 yẹn, bóyá owó mọ́tò ni wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀, bóyá nǹkan mìíràn ni, kí bọ̀dá ṣàlàyé. Béèrè owó kì í ṣe àìgbàgbọ́, àní Tọ́másì gan-an béèrè, Jésù ò sì lé e jáde.

Ti àkáǹtì ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Owó ìjọ kì í wọ àkáǹtì ara ẹni. Kánọ́ọ̀nù 537 nínú òfin Ìjọ wa sọ pé gbogbo párísì gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìnáwó, ọ̀rọ̀ bóyá Fadá fẹ́ tàbí kò fẹ́ kọ́. Àwọn ni kó o lọ bá, o ò ní láti bá bọ̀dá jà, o kàn máa sọ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ṣí àkáǹtì lórúkọ párísì, kí èèyàn méjì jọ máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì máa ka iye tó wọlé sétí ìjọ lóṣooṣù lẹ́yìn Míìsà. Tó bá jẹ́ olóòótọ́, á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí òun gan-an nìyẹn ń dáàbò bò. Èèyàn dáadáa tó ń kó owó ìjọ sápò ara ẹ̀, tí Ọlọ́run bá pè é lójijì, ìyàwó tí ò mọwọ́ mọsẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń lọ ká mọ́lé.

Kẹ́ ẹ tó san òmíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dúdú lórí funfun: ẹni tí wọn ò bá fún ní físà, èló ló máa gbà padà? Owó físà Schengen, ìyẹn físà kan tó ń gbéni wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, jẹ́ €90 fún àgbàlagbà láti oṣù kẹfà ọdún 2024, kì í padà, wọ́n fún ẹ o, wọn ò fún ẹ o. Inṣọ́ránsì tún wà tó gbọ́dọ̀ lè gbé ìtọ́jú àìsàn tó €30,000 ó kéré tán. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa pẹ́ sí jù ni kẹ́ ẹ lọ gba físà lọ́dọ̀ ẹ̀, ẹ ka alẹ́ tẹ́ ẹ máa sùn, tó bá jẹ́ Ítálì ló pọ̀ jù, ẹ má gba ti Faransé lọ torí pé ẹnì kan ní ibẹ̀ ló máa ń yá. Oṣù 6 ṣáájú ìrìnàjò lèèyàn ti lè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà máa ń fi dáni lóhùn, ó sì lè tó ọjọ́ 45 nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ 15 ní Nàìjíríà níbi téèyàn ti ń fojú oorun wá déètì, ilé ló máa wà. Ẹ sì má rò pé torí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fún gbogbo yín lápapọ̀, olúkúlùkù ni wọ́n ń yẹ ìwé ẹ̀ wò.

Ní ti Màmá, kí wọ́n lọ. Lourdes gan-an ni ibi tí wọ́n ti mọ iyì ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, àwọn aláìsàn ni wọ́n ń tò síwájú níbẹ̀, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ búlúù kan tó ní ọ̀pá níwájú, ẹnì kan á máa fà á, ẹnì kan á máa tì í lẹ́yìn, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti gbogbo ayé ló ń ṣe é, èmi ti rí ọmọkùnrin ńlá tó ń làágùn tó ń fa ìyá tí kò mọ̀ rí gun òkè. Róòmù ló le, òkúta ni wọ́n tò sílẹ̀ títì, ó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀. Àtẹ̀gùn Mímọ́ tún wà nítòsí bàsílíkà Jòhánù Mímọ́ ti Látéránì, ìsísẹ̀ 28, orí eékún ni wọ́n fi ń gùn ún. Màmá á fẹ́ gùn ún, mo mọ àwọn ìyá wa. Ẹ má gbà fún wọn. Àtẹ̀gùn mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ téèyàn lè fẹsẹ̀ gùn wọ́ọ́rọ́ títí dókè, kí wọ́n gba tibẹ̀. Oògùn wọn, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, kì í ṣe inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ òfuurufú.

Kí kọ̀díńétọ̀ sì yan ẹnì kan tí á máa rìn kẹ́yìn gbogbo yín pátá, ẹni tára ẹ̀ le, tí ò ní máa kùn. Ẹni tó ń gbé àsíá síwájú kò ṣòroó rí, gbogbo èèyàn ló fẹ́ ṣe é. Ẹgbẹ́ tó bá sáré fi ìyá àgbà sílẹ̀ nítorí kí wọ́n lè tètè ya fọ́tò, mi ò mọ irú ìrìnàjò mímọ́ tí wọ́n lọ.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, Fatima ní Pọ́túgà là ń lọ ní oṣù karùn-ún. Àwọn kan ní léèsì la máa fi dá aṣọ ẹbí, àwa ní ànkárá ti tó. Ìjà ti wọ̀ ọ́, àwọn mẹ́ta ti kúrò nínú WhatsApp. (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Léèsì! Àwọn ọmọ tó ń da àgùntàn nínú pápá ni Màríà Mímọ́ fara hàn ní Fatima lọ́dún 1917, Lúcia tó dàgbà jù nínú wọn, ọmọ ọdún 10 ni. Ká sòótọ́, aṣọ kan náà wúlò, lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, tí wọ́n bá tan àbẹ́là, tí èrò kún gbàgede yẹn títí tójú ò fi tó ibi tó pin sí, ẹni tó bá sọnù nínú ẹgbẹ́ yín, aṣọ yẹn lẹ máa fi wá a. Ìyẹn, ànkárá lè ṣe é, gèlè tàbí fìlà aláwọ̀ kan náà gan-an lè ṣe é. Àwọn èèyàn sì máa ń fi eékún rìn lórí mábù níbẹ̀, léèsì ò gba ìyẹn. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ra ańkáṣíìfù funfun kọ̀ọ̀kan, torí lọ́jọ́ 13 tí wọ́n bá ń gbé ère Màríà padà sí ilé àdúrà ẹ̀, ańkáṣíìfù ni gbogbo èrò fi ń juwọ́ sí i pé ó dàbọ̀. Ẹni tí ò mú un dání á máa fi tíṣù juwọ́.

Àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ pè wọ́n padà sínú WhatsApp.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi wà nínú àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan rán lọ Jerúsálẹ́mù. Látìgbà tí wọ́n ti dé, wọ́n ní JP (Jerusalem Pilgrim) ni kí n máa pe àwọn. Wọ́n ti tẹ káàdì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì tá a jọ ń jókòó sí láti ọdún yìí wá, iwájú níbi àwọn Knight, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olóyè Ìjọ, ni wọ́n ń jókòó sí báyìí. Ọmọ wa pè wọ́n ní Dádì níwájú àlejò, inú bí wọn. Ẹ gbà mí. (Ìyàwó JP, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ìyàwó JP, ẹ má bínú o, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ń lọ Mẹ́kà wọ́n ń di Alhaji, làwa náà bá ní ẹ fún wa ní tiwa, ni "Jerusalem Pilgrim" bá di oyè. Ìjọ Àgùdà ò mọ oyè yẹn rí. Ẹni tó lọ Ilẹ̀ Mímọ́ ò tìtorí ẹ̀ di Knight, àwọn Knight Mulumba àti Knight John Mímọ́ ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, kí ọkọ yín rọra padà sórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tó wá ní kó dìde. Èyí tó burú jù ni pé JP kan ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn Justice of the Peace ti ilé ẹjọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan á gbé àfídéfì wá bá wọn lágogo 6 àárọ̀ pé kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí i.

Ẹ má bá wọn jà níwájú ọmọ. Ẹ kàn bi wọ́n nípa ilẹ̀kùn. Ṣọ́ọ̀ṣì Ìbí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ò ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, Ilẹ̀kùn Ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pè é, gómìnà ni o, JP ni o, àfi kó o tẹ̀ kó o tó lè wọlé. Ẹ tún bi wọ́n nípa Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ìjọ mẹ́fà ló pín in láàárín ara wọn, àwa Àgùdà, àwọn Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Gíríìkì, Àméníà, àwọn Kóbítì, àwọn ará Síríà àti Ethiopia, aáwọ̀ wọn sì pọ̀ débi pé ọwọ́ ìdílé Mùsùlùmí ni kọ́kọ́rọ́ wà láti ayébáyé. Àkàbà igi kan wà lókè ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, lábẹ́ fèrèsé, ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1700 sí 1800, kò sí ìjọ kan tó lè dá gbé e kúrò láìjẹ́ pé gbogbo wọn fẹnu kò. Àkàbà lásán! Tí ọkọ yín bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé ìjà ipò ò bẹ̀rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì Òṣogbo.

Mo tún rò pé ẹ lè bá wọn ṣètò alẹ́ kan ní zone yín, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí fáwọn tí ò ní lówó láti débẹ̀ láyé. Owó gbogbo ará ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi lọ, ẹ jẹ́ kí gbogbo ará ìpínlẹ̀ gbọ́ nǹkan níbẹ̀. Tí "Dádì" bá ṣì ń bí wọn nínú lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti Jerúsálẹ́mù, ẹ lọ rí Fadá.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé wọ́n á tún mi bátísí ní odò Jọ́dánì? Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí wọ́n ṣe tèmi, mi ò rántí nǹkan kan.

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, bó o rántí bó ò rántí. Fadá yín á mú yín tún ẹ̀jẹ́ ìrìbọmi yín jẹ́ létí odò, wọ́n á fi omi wọ́n yín, ó parí. Tẹ́nì kan bá ní kó o wá kó o san dọ́là kí òun rì ẹ́ bọ omi kó o lè gba sáàtífíkéètì, bá tìẹ lọ. Bákan náà ni Kánà ti Gálílì, àwọn tọkọtaya ń tún ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó jẹ́ níbẹ̀, ìgbéyàwó tuntun kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, obìnrin kan ní párísì wa ń ta omi Lourdes, ìgò kékeré, 15,000. Ó ní ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Àbúrò mi ti dá oògùn ẹ̀ dúró. (Ìyá Tópẹ́, Agége)

ÌDÁHÙN: Ìyá Tópẹ́, kí àbúrò yín lo oògùn ẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tó ka ìyókù.

Lọ́dún 1858, láti ọjọ́ 11 oṣù kejì dé ọjọ́ 16 oṣù keje, ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni Màríà Mímọ́ fara han ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bernadette nínú ihò àpáta Massabielle ní Lourdes, ọmọ ọdún 14 ni, ilé wọn tòṣì débi pé yàrá tí wọ́n ti ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ 25 oṣù kejì, Màríà ní kó lọ mu omi ní orísun, kò sì rí orísun kankan, ló bá ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀, ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, ó bu ú mu, ó fi ra ojú, àwọn tó ń wò ó ní ó ti ya wèrè. Omi yẹn ló ń ṣàn títí dòní. Wọ́n ti fa á sí ẹ̀rọ, ẹ kàn máa ṣí i ni, ẹ máa pọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ìgò òfìfo ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìta.

Ẹni tó bá gbé e wá láti ibẹ̀ lè ní kẹ́ ẹ dá owó ìgò àti ẹrù padà fún òun, ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n 15,000, tó tún ń dárúkọ àìsàn mọ́ ọn, ọjà nìyẹn ti dà. Ẹ jẹ́ kí Fadá mọ̀. Lourdes fúnra ẹ̀ ní ọ́fíìsì dókítà, ẹni tó bá ní ara òun ti yá, ibẹ̀ ló ń lọ, wọ́n á yẹ ìwé àyẹ̀wò ẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ìgbà yẹn wá, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wá sọ tiwọn, àwọn tí Ìjọ fọwọ́ sí pé iṣẹ́ ìyanu ni ò ju àádọ́rin àti díẹ̀ lọ. Ìjọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tó báyẹn, òun ni obìnrin Agége yìí fẹ́ gba ẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bu tiyín wálé, ní ọ̀pọ̀ ẹ́pọ́ọ̀tù, kì í wọ báàgì ọwọ́ tó bá ti ju 100 ml lọ, inú báàgì ńlá ni kẹ́ ẹ dì í sí, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ tó ń lọ Róòmù. Tí mo bá débẹ̀, mi ò ní padà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ilé ò gbè wá mọ́. (Bọ́ọ̀dá Jápa)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ó yé mi pé ilé le. Ṣùgbọ́n Fadá ẹ ló kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ ẹ́, pé wàá padà, ìwọ náà sì fọwọ́ sí i. Irọ́ ni, ìwọ nìkan kọ́ ló sì máa san owó ẹ̀. Párísì yẹn tó bá tún kọ̀wé lọ́dún mẹ́ta sí i, wọ́n á rántí, ìyá àgbà kan tó ti ń tọ́jú owó láti ọjọ́ pípẹ́ á gba ìwé "a ò fún ẹ" torí tìẹ. Tó o bá fẹ́ lọ, gba ọ̀nà ìwé tàbí iṣẹ́ lọ. Yọ orúkọ ẹ kúrò kí wọ́n lè rí ẹlòmíràn fi sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ Màmá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ílé-Ifẹ̀. Wọ́n ti ti Ilẹ̀kùn Mímọ́ tí wọ́n ṣí fún Júbílì ní Róòmù, mi ò lówó lọ nígbà tó wà ní ṣíṣí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ya fọ́tò nídìí sàárè Carlo Acutis, ọ̀dọ́ tí Ìjọ sọ di ẹni mímọ́, ní Assisi. Ṣé mo ti pàdánù oore-ọ̀fẹ́ yẹn nìyẹn?

ÌDÁHÙN: O ò pàdánù nǹkan kan. Lóòótọ́, ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2026 ni wọ́n tì í, ọdún 25 sí ara wọn sì ni Júbílì ńlá ń wáyé. Ṣùgbọ́n indọ́jẹ́ǹsì, ìyẹn ìmúkúrò ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tó kù lẹ́yìn ìdáríjì, ò sí lára igi ilẹ̀kùn. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, gba Ara Olúwa, gbàdúrà fún ohun tí Póòpù ń gbàdúrà fún, kó o sì mú ọkàn ẹ kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀, lẹ́yìn náà gba Ọ̀nà Àgbélébùú ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, láti ibùdó kan dé ìkejì, ó tó. Ṣó o mọ̀ pé torí àwọn bíi tìẹ ni wọ́n ṣe gbé àwọn àwòrán 14 yẹn sára ògiri? Àwọn tí ò lè dé Jerúsálẹ́mù ni, owó ò sí, ogun wà lọ́nà, làwọn Fransísíkánì bá gbé ọ̀nà náà wá bá wọn nílé, ọdún 1731 ni Póòpù Clement XII fìdí 14 múlẹ̀. A máa ń rò pé ti ọjọ́ Ẹtì Lẹ́ńtì nìkan ni. Carlo tó ò ń wí yẹn náà, ọmọ ọdún 15 ló kú, kọ̀ǹpútà ló fi kó ìtàn àwọn iṣẹ́ ìyanu Ara Olúwa jọ kí ẹni tí ò lè débẹ̀ lè rí i.

Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń yún ẹ, Òkè Màríà wà l'Ọ́tan Ayégbajú, ní Ọ̀ṣun níbẹ̀ yẹn, mọ́tò kan ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti sọ fáwọn ọ̀dọ́ ni Ìdáàṣà ní Bẹ̀nẹ̀ẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní Dassa-Zoumé. Ihò àpáta Màríà ti Arigbo wà níbẹ̀, láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ń lọ, àsìkò àjọ̀dún ìgbàsókè Màríà ní oṣù kẹjọ ni èrò máa ń kún ibẹ̀, láti Bẹ̀nẹ̀ẹ̀, láti Tógò, láti ọ̀dọ̀ wa. Kò sí físà, ECOWAS ni wá, pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì lẹ nílò, àti owó CFA tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ sílẹ̀. Láti Kútọnu, ó tó nǹkan bíi 200 kìlómítà sókè. Ìlú olókè ni, òkè 41 ni wọ́n ní ó yí i ká, ẹ sì máa dé ọjà, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ́ yíjú padà, torí Yorùbá ni Ìdáàṣà, wọ́n ní ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin tó tẹ ìdílé ọba wọn dó ti wá. Míìsà lè jẹ́ Faransé látòkè délẹ̀, kò burú, rósárì ò ní èdè, ìyá tó jókòó tì ẹ́ á máa ka tiẹ̀, ìwọ náà á máa ka tìẹ. Ẹ kó ara yín jọ ní NFCS, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Àgùdà, ọkọ̀ kan, kí Fadá kan tẹ̀ lé yín, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kọ̀wé sí párísì ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, torí ilé ìtura kì í tó lóṣù kẹjọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé a lè gbé oúnjẹ wọ Róòmù? Ìrírí ẹni tó lọ ṣáájú ni pé pasta ni láàárọ̀, pasta ni lálẹ́. (Ẹgbẹ́ Legion of Mary, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹran àti wàrà ò wọlé, wọ́n á gbà á ní ẹ́pọ́ọ̀tù, wọ́n tún lè bu owó ìtanràn lé yín, àti súyà o, àti pọ̀nmọ́ o, àti kílíṣí. Ẹja gbígbẹ wọlé fún jíjẹ ara ẹni. Gàrí díẹ̀, ata lílọ̀, ẹ dì wọ́n dáadáa kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ wọn sára ọ̀rá. Ẹ má gbé sítóòfù iná kankan wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì láti fi ro ẹ̀bà, lálẹ́ àkọ́kọ́ ni aláàmù iná máa jí gbogbo ilé, ẹ máa ní kọ̀díńétọ̀ bá yín bẹ ilé oúnjẹ kí wọ́n máa se ìrẹsì fún yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń gbà, pàápàá láwọn ilé tí àwọn Sísítà ń tọ́jú.